Òkúta Abẹ́ Táyà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Orogún mi gba nǹkan tuntun lónìí. Ọkọ̀ akẹ́rù wa ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, torí bí Alágídí ọkọ mi ṣe ń kẹ́ ẹ, kò kẹ́ èmi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi; èmi ni mò ń wa ọkọ̀ náà. Ó ra àpótí jíà kejì lọ́tọ̀, èyí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ ọn. Ọ̀pá méjì ló wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi báyìí. Ọ̀pá jíà àtijọ́, àti ọ̀pá tuntun tó ní ibi mẹ́rin: táyà ẹ̀yìn nìkan — gbogbo táyà — fírì — gbogbo táyà pẹ̀lú agbára, fún òkè àti ẹrẹ̀. Mo kà á fún un bí ọmọ iléèwé. Ó ní mo gbọ́n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Òjò. Ọ̀nà ilé ìlapákó di ẹrẹ̀. Mo dúró pátápátá, mo tẹ kíláàṣì, mo fa ọ̀pá tuntun sí agbára. Orogún gun òkè náà jẹ́jẹ́, bí aláboyún tó ń gun àtẹ̀gùn. Mo dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bíréèkì ọwọ́ Orogún ti kú láti ọdún méjì. Tí mo bá páàkì, jíà kìíní ni mo máa ń fi dì í mú, màá sì gbé òkúta síwájú táyà iwájú, torí nílé àti níbi iṣẹ́, imú rẹ̀ máa ń kọjú sí ìsàlẹ̀. Lónìí mo ń ka pákó ni mo gbọ́ gbì. Ọkọ̀ ti yí, òkúta ló dá a dúró. Jíà kìíní ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Ọ̀pá tuntun ló yọ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ sí fírì. Tí ìyẹn bá sì ti wà ní fírì, jíà yòówù tí èkejì ì báà wà, asán ni — kò sí ohun tó so táyà mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ọ̀gá alápákó ní, "Ìyá, ẹ tètè sọ fún ọkọ yín o. Ọ̀rọ̀ yìí ò dáa."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo sọ fún un. Ó ní ọwọ́ mi ni kò ti ọ̀pá náà dé ibi tó yẹ. Ó ní òun ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní kí n yé fi òkúta dójú ti òun níta, bí ẹni pé iṣẹ́ òun ò dúró. Mo bínú, n kò dáná. Ó dáná fúnra rẹ̀, oúnjẹ jó, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Òkúta mi ti sọnù. Mo mọ ẹni tó jù ú nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo ti rí òmíràn, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́ ìjókòó ni mò ń fi í pamọ́ sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀pá náà tún yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ mi ní láti kékeré ni ọmọ òun kì í gbọ́rọ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá gbá a létí. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Alágídí wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lónìí. Ọ̀pá náà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí òkè. Ó wọlé, ó mu omi. Ó wá ní òótọ́ ni mo sọ, pé irin tí ọ̀pá náà ń fà gùn jù díẹ̀. Lọ́la òun á wọ abẹ́ rẹ̀, èmi á máa bá òun fa ọ̀pá láti òkè. Ó tún ní, "Má gbàgbé òkúta ẹ o." Inú mi dùn débi pé mo kọrin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ti gé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, láti orúnkún. Ó wà láàyè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Jẹ́ kí n kọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Láàárọ̀ Ẹtì, kí n tó jáde, ó ti yí ọkọ̀ padà nínú àgbàlá, imú rẹ̀ kọjú sókè, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé sábẹ́ rẹ̀. Mo gbé òkúta wá. Mo gbé e síwájú táyà iwájú, níbi tí ọwọ́ mi ti mọ̀ láti ọdún méjì. Mo gun orí ìjókòó. Ó bi mí láti ìsàlẹ̀ pé òkúta ńkọ́. Mo ní ó wà níbẹ̀. N kò fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Mo gbẹ́kẹ̀ lé òkúta. Ó ní kí n fa ọ̀pá tuntun sí agbára. Ọ̀pá náà kò sì lè dé ibi agbára láì gba fírì kọjá.

Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ yí sí. Kí ẹsẹ̀ mi tó bá bíréèkì, táyà iwájú ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ògiri sì ti gba ọkọ̀ dúró.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé agídí ló fà á. Òun náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ó di ọwọ́ mi mú níwájú ìyá rẹ̀ àti dókítà, ó ní ìyàwó òun kìlọ̀ kìlọ̀, òun ò gbọ́. Ó ní ọkọ̀ náà ló lágbára jù, ló fi gun orí òkúta kọjá. Ìyá rẹ̀ súre fún mi. Mo ṣe àmín.

Ọkọ̀ kò gun orí òkúta kankan. Iwájú ni òkúta wà, lọ́ọ̀ọ́kán, ní òun nìkan. Kí àwọn aládùúgbò tó sáré dé, mo ti gbé e lọ sẹ́yìn táyà. Alágídí ń pè mí lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí mò ń gbé e.

Ọwọ́ tó dì mú lónìí ni mo fi gbé e.