Ìkòkò Wo Lẹ Máa Fi Sè É?

Bàbá wa, Làtíìfù, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí ẹ gbé òṣùwọ̀n kékeré yín kalẹ̀ tí ẹ kò sì gbé e mọ́. Ọdún mẹ́rin! A kò jókòó láti yìn yín; ẹ kò fẹ́ràn ìyìn nígbà tí ẹ wà láàyè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín la fẹ́ ròyìn fún yín, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ kí a ròyìn nǹkan: láti ìbẹ̀rẹ̀, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀.

Roqeeb, ọmọkùnrin yín, ti kó lọ sí Forest Hill, ó ti di bàbá ọmọ méjì. Èkejì ń jẹ́ orúkọ yín. Ilé tí ẹ ń kọ́ sí Ìwó ti ní òrùlé, wọ́n sì ti kùn ún. Àsúmáù ìyàwó yín, ìyá wa, ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Rye Lane ní Peckham níbí láti ra ẹja, ó ṣì ń bá ẹlẹ́ja jiyàn lórí ohun tí ìwọ̀n sọ. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun.

Ṣọ́ọ̀bù egbòogi àwọn ará Ṣáínà tí ẹ gbà lọ́wọ́ Dókítà Liang, ọ̀gá yín, ṣì wà níbi tó wà. Àwọn dúrọ́ọ̀ onígi ṣì kún ara ògiri. Àìṣát, àkọ́bí yín, tó kàwé gboyè nínú iṣẹ́ náà, ló ń wọn oògùn níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Bàbá, ó kù díẹ̀ kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa pátápátá. Ìyẹn gan-an lohun tí a fẹ́ sọ fún yín lọ́dún yìí.

Nígbà tí Àìṣát ń kàwé lọ́wọ́, ó máa ń wá jókòó tì yín lọ́jọ́ Sátidé láti wo bí ẹ ṣe ń yan ìwọ̀n. Ẹ kì í kánjú fọwọ́ kan òṣùwọ̀n. Ẹ máa kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó níwájú yín. Ẹ máa béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, oògùn ọsibítù tó ń lò. Ẹ máa wo ahọ́n rẹ̀, ẹ máa di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti mọ bí iṣan ṣe ń lù. Ìwé sọ pé kí èèyàn wọn egbòogi kan ní gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án. Àìṣát bi yín lọ́jọ́ kan pé èwo gan-an ni, mẹ́ta ni àbí mẹ́sàn-án.

Ẹ ní, “Láàárín mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ni èèyàn wà. Òun ni kí o wá rí.”

Mẹ́ta lẹ sì máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní èyí tó kéré ṣeé fi kún, èyí tó ti wọ ikùn kò ṣeé yọ.

Àìṣát kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan wà tí kò kọ, torí kò mọ̀ pé ara iṣẹ́ ni. Kí aláìsàn tó dìde, ẹ máa ń bi í pé ìkòkò wo ló máa fi sè é. Àwọn màmá á rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan á ní ìkòkò tí òun fi ń se ẹran iléyá ni. Òmíràn á bi yín bóyá ẹ fẹ́ wá bá òun fọ̀ ọ́. Àìṣát rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, Ìyáàfin Magdalene wọlé wá, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n: aláṣọ funfun tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan ní Old Kent Road, tó máa ń bi yín pé ìgbà wo lẹ máa wá jọ́sìn, tí ẹ̀yin náà á bi í pé ìgbà wo ló máa wá kírun. Ikọ́ ló ń dà á láàmú. Àìṣát yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó wọn oògùn ọjọ́ méje sínú àpò bébà méje, ó sì fi gíráàmù mẹ́ta egbò adùn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí òyìnbó ń pè ní liquorice, tó máa ń dẹ ọ̀fun. Ó ṣàlàyé pé àpò kan ni fún ọjọ́ kan. Kó sè é, kó mu ún, kó da pàǹtí rẹ̀ nù. Ìyáàfin Magdalene ní òun ti gbọ́, ṣé àná làwọn bẹ̀rẹ̀ ni.

Ó délé, ó tú àpò méjèèje sínú ìkòkò kan ṣoṣo, bí a ti ń se àgbo látọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ń mu ife mẹ́ta ńlá lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan le ju oògùn odindi ọjọ́ kan lọ, ó ń bu omi kún un, ó ń gbé e padà síná. Ní ọjọ́ karùn-ún ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ. Tófúnmi ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, wọ́n sì dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Egbò adùn náà ló fà á. Ti ọjọ́ kan kò ní wàhálà. Ti ọjọ́ méje nínú ìkòkò kan lè pa èèyàn.

Kò kú. A dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n Àìṣát ti ṣọ́ọ̀bù. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì sọ fún wa pé òun kò ní wọn oògùn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Roqeeb bẹ̀ ẹ́, ó ní ṣebí ó ṣàlàyé, màmá ni kò tẹ̀ lé e. Ohun tó ń dun Àìṣát kò ju ọ̀kan lọ: ká ní ẹ̀yin ni, kò ní ṣẹlẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni Ìyáàfin Magdalene fi gba oògùn lọ́wọ́ yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì.

Ìyá wa ló gbé ìwé ìwọ̀n yín sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ìwé ẹlẹ́yìn búlúù tó ti ń ya, tí ẹ ń kọ orúkọ àti oògùn ẹni kọ̀ọ̀kan sí. Ó ṣí i síwájú Àìṣát. Àmì róbótó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn kan. Ti Ìyáàfin Magdalene ní ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí Àìṣát ti ń rí àmì náà, ó rò pé ó túmọ̀ sí pé ẹni náà ti wá gba oògùn rẹ̀. Ìyá wa ní ìkòkò ni. Gbogbo ẹni tó ní àmì yẹn, ìkòkò kan ló máa tú gbogbo oògùn sí, ohunkóhun tí ẹ ì báà sọ. Nítorí náà ẹ kì í fún wọn ní àpò méje. Àpò kan ṣoṣo lẹ ń fún wọn, tí wọ́n á mu tán kí wọ́n tó wá gba òmíràn. Ẹ kò bá ìkòkò wọn jà. Ìkòkò lẹ fi ń wọn oògùn.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Orúkọ àkọ́kọ́ tó ní àmì róbótó nínú ìwé náà ni Àsúmáù.

“Èmi ni,” ni ìyá wa wí. “Ọdún tí bàbá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo tú méjèèje pọ̀. Áńbúláǹsì ló wá gbé mi. Oṣù méjì ni kò fọwọ́ kan òṣùwọ̀n. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.”

Ó ní Dókítà Liang kò bá yín wí. Ó kàn bi yín pé irú ìkòkò wo ló wà nílé yín, ẹ kò sì mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń béèrè. Ẹ sì bẹ ìyá wa pé kó má sọ fún àwa ọmọ.

Bàbá, ibẹ̀ nìkan ni a ti ní ẹjọ́ yín í rò. Gbogbo ọjọ́ ayé yín la fi rò pé ẹ kò ṣàṣìṣe rí. Ìbá ti ṣàǹfààní fún Àìṣát ká ní ẹ jẹ́ kó mọ̀.

Àìṣát tún ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, Ìyáàfin Magdalene fi ọ̀pá rìn wọlé, ó mú ìwé dókítà rẹ̀ lọ́wọ́, pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan egbò adùn mọ́. Àìṣát kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Màmá ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí Àìṣát kò gbàgbé:

“Bàbá ẹ ì bá ti bi mí.”

Àìṣát jókòó. Ó yẹ ahọ́n wò, ó di ọrùn ọwọ́ mú, ó ka ìwé dókítà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Màmá, ìkòkò wo lẹ máa fi sè é?”

Màmá ní ìkòkò tó mọ̀ náà ni, àbí ó fẹ́ wá bá òun fọ̀ ọ́ ni. Àìṣát wọn àpò kan, láìsí egbò adùn.

Ìwé búlúù yín ti kún. Ó ti ra tuntun. Orúkọ Ìyáàfin Magdalene ló ṣáájú nínú rẹ̀, àmì róbótó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójoojúmọ́ là ń gbọ́ ìbéèrè yín lẹ́nu ọmọ yín. Lójoojúmọ́ là ń wojú ilẹ̀kùn bíi pé ẹ máa wọlé wá gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run forí jìn yín, kó fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé yín. A fẹ́ràn yín, Bàbá. Ọdún mẹ́rin, àárò yín kò sì tíì fi gíráàmù kan dín.

Àsúmáù, Àìṣát, Roqeeb àti àwọn ọmọ-ọmọ yín, ní Peckham.