Mọ́kàndínlógún Tó Wà Láyà Jẹ́jẹ́

Ọmọ mi ọkùnrin, àkọ́bí tó kọ́ mi ní ìyá í jẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ilé, mo kí ibi iṣẹ́. Ṣé àlàáfíà wà lọ́dọ̀ yín? Bó bá jáde lọ díẹ̀, ẹ sọ fún un pé èmi ìyá yín ní kó yára padà wálé. Ibi kò ní mọ ojúlé rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbé ọ lọ síbi tí orí rẹ ò bá ọ lọ. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n èmi náà ń dùn ún, a jọ ń bá ara wa yí i ni. Mi ò fi fóònù pè ọ́ torí ọ̀rọ̀ yìí gùn, fóònù sì máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Lóòótọ́, ìwé kejì ni mo ti dúró, ṣùgbọ́n ìwé kejì ayé ijọ́un ju ìwé kẹwàá tiyín lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn elétò ìlera wá sí ilé ìwé Jẹ́jẹ́ ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n láwọn fẹ́ wọn bí sìgá àti tábà ṣe di bárakú tó fún àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù, wọ́n sì ní kí kálukú fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bíi rédíò tí kò lè kọrin. Èmi ò mọ gbogbo èyí o. Ohun tí mo ṣáà gbọ́ lẹ́nu aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí ọmọ tiẹ̀ náà wà ní kíláàsì yẹn, ni pé wọ́n wọn àwọn ọmọ, tòun gba méjì, Jẹ́jẹ́ sì gba mọ́kàndínlógún, kò sì sẹ́ni tó gbà tó o ní gbogbo ilé ìwé.

Ọmọ mi, mo dìde, mo jó. Mo ní, méjì kẹ̀? Mo ní, aránṣọ, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ tìẹ náà á ṣe dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀. Mo yọ ẹja tó tóbi jù lórí àgbá, mo ní kó lọ fi tu ọmọ rẹ̀ nínú. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè, àmọ́ ẹja ṣáà ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ìwé ọ̀gá ilé ìwé dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ó ní iye èéfín tó wà láyà ọmọ ni nọ́ńbà yẹn, pé ẹni tó bá ti kọjá mẹ́wàá, amusìgá ni, pé Jẹ́jẹ́ kò sì ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde. Jẹ́jẹ́! Ọmọ tí kì í gbé ohùn sókè lé ewúrẹ́! Mo bi í, ó ní òun ò fẹnu kan sìgá rí, omijé sì gbà á lójú. Èmi mọ irọ́ bí mo ṣe mọ ẹja tó ti rà. Kì í ṣe irọ́.

Mo so gèlè mọ́rí, mo gbọ̀nà ilé ìwé tòórùn tòórùn. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n jókòó, mo ní àwọn tó wá jókòó ló ń jókòó. Mo ní ẹ̀rọ yín ń purọ́ mọ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì onígíláàsì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní, Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo ní ó dáa, gbé e wá. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ná. Ẹ̀rọ náà han, iná pupa tàn lójú rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹnu ọ̀gá ilé ìwé ò lè padé. Mo ní ẹ kọ orúkọ tèmi náà sílẹ̀, kémi náà má ṣe ìdánwò.

Nọ́ọ̀sì wá fa fọ́ọ̀mù àwọn ọ̀dọ́ yọ, ó rọra ń bi mí ní ìbéèrè, àánú mi ń ṣe é. Ó ní ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn tí mo bá jí ni mo ń dáná sí àkọ́kọ́. Mo ní ìṣẹ́jú wo, kí n tó bọ́jú ni. Ó ní mélòó ni mo ń dáná sí lójúmọ́. Mo ní ọgọ́rin, lọ́jọ́ tára mi bá yá, ọgọ́fà. Bírò rẹ̀ dúró. Ó ní ṣé ó máa ń ṣòro fún mi láti pa á tì níbi tí wọ́n bá ti kà á léèwọ̀. Mo ní onílé kà á léèwọ̀ fún mi nígbà mẹ́rin, níkẹyìn òun ló kó jáde. Ó ní bí àìsàn bá dá mi dúbúlẹ̀ ńkọ́. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bí bàbá Jẹ́jẹ́ gan-an, mo ṣe tọwọ́ mi tán kí n tó ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí. Ó ro ìdáhùn mi pọ̀, mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó ní, Màmá, ó ti di bárakú fún yín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bárakú ni, òun ni ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́, òun ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún yanjú, kò sì sẹ́ni tó máa gba ẹja lọ́wọ́ mi.

Ó ní, ẹja kẹ̀?

Ìgbà tí mo wá ṣàlàyé àgbá mẹ́ta tí mo fi ń yan ẹja lójoojúmọ́, àti pé Jẹ́jẹ́ ló ń bá mi koná láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹ̀rọ náà ò mọ èéfín igi yàtọ̀ sí ti sìgá. Mo yíjú sí ọ̀gá ilé ìwé, mo ní ṣé ẹ gbọ́, ẹ̀rọ tí kò mọ ẹja yàtọ̀ sí sìgá lẹ fẹ́ fi ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí Jẹ́jẹ́ má dé ìdí àgbá fún ọjọ́ mẹ́ta, kó wá fẹ́ ẹ padà. Èmi nìkan ni mo koná. Lọ́jọ́ kẹrin, méjì péré ló kù láyà rẹ̀. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn amusìgá, yóò ṣe ìdánwò rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé sì bẹ̀ mí lójú gbogbo èèyàn. Mo ní kó tún un bẹ̀, torí mi ò gbọ́ dáadáa.

Ibi tí mo ti ń yan lọ sẹ́nu ọ̀nà ni nọ́ọ̀sì ti pè mí padà. Ó ní nǹkan kan ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù Jẹ́jẹ́. Wọ́n bi wọ́n pé ta ló ń mu sìgá nínú ẹbí wọn, Jẹ́jẹ́ sì kọ ọ́ pé: bàbá mi. Mo ní irọ́ ni, ọmọ tèmi kọ́. Mo wo Jẹ́jẹ́. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ó ní nígbà ìsinmi tóun wá sọ́dọ̀ rẹ, ẹ̀yìn balùwẹ̀ lo máa ń lọ láràárọ̀, kí o tó bọ́jú, o sì ní kóun má sọ fún mi.

Kí o tó bọ́jú. Èmi náà ti ṣe fọ́ọ̀mù yẹn, mo mọ iye tí wọ́n ń fún ìdáhùn yẹn.

Mi ò ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ nítorí nọ́ńbà o, kí nọ́ọ̀sì lọ jókòó. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ò ní koná mọ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rọ ló kọ́ mi. Alágbẹ̀dẹ ní òun lè rọ páìpù ńlá tí yóò máa gbé èéfín gba orí òrùlé jáde. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Má sọ pé kò sí, ohun tí ò ń dáná sun lẹ́yìn balùwẹ̀ láàárín oṣù méjì á tó o. Má sì san án sí báǹkì, torí ògiri báǹkì yẹn ti gbé káàdì mi mì, mo sì ti sọ fún un lójú pé mi ò ní bọ́ ọ mọ́. Fi rán awakọ̀.

Èmi wà nínú èéfín, mò ń yan ẹja, ẹja di owó ilé ìwé, owó ilé ìwé di ìwọ. Ìwọ tí o wà nínú tìrẹ, kí lò ń yan?

Nọ́ọ̀sì ti gbà láti gbé ẹ̀rọ náà wá sílé wa lọ́jọ́ tí o bá dé. Wàá fẹ́ ẹ kí o tó jókòó, kí o tó jẹun, níṣojú ọmọ rẹ. Bó bá ṣòro fún ọ, wá síbí wá jáwọ́, èmi á jókòó tì ọ́ bí mo ṣe jókòó tì ọ́ nígbà tí mò ń já ọmú lẹ́nu rẹ, o ké nígbà náà, o ò sì kú.

Ẹlẹ́dàá yóò máa ṣọ́ èémí rẹ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, eyín rẹ yóò pé láti fi rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ wáyé, èmi ni màá kọ́kọ́ lọ. O ò ní ṣáájú mi. Mo kọ̀ ọ́.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ.