Ta Ló Ń Gbá Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Oyinkọ́lá?

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aláṣọ,
                                        Òpópónà Odùkọ̀yà,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀nà Addo,
                                        Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Oyinkọ́lá, ìyá Máyọ̀wá, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ oògùn? Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, má kàn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí o ní o ti jíṣẹ́ o. Máyọ̀wá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ ẹ̀wà báyìí àbí ó ṣì ń ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo? Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, ṣé afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí yín dáadáa? Ní ti àwa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara le. Bàbá Habeeb ń kí ọ. Habeeb náà ti ga jù mí lọ, ó wá ń pè mí ní ìyá kúkúrú.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló mú mi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìwọ lo fà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ pé kí o padà wá, wàá ní “a máa rí i,” kò sì ní pẹ́ tí wàá fi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó kí o kà á tán, nítorí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ ni, ẹlòmíràn sì ti fẹ́ gbà á.

O rántí bí òpópónà wa ṣe rí nígbà tí o ń lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ìtajà ńlá kan lọ́nà Thomas Estate, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí èèyàn lára bó ṣe ń yan tòmátò, ni àwọn oníbàárà ti gbàgbé wa. Àwa náà kò sì fọgbọ́n ṣe é. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá tà á kó o wọlé, á gbé agboòrùn pí-ó-ẹ́ẹ̀sì síta. Ẹni kejì á rí i, á gbé tirẹ̀ síta. Nígbà tó yá, agboòrùn ló kún ojú ọ̀nà, a wá ń wo ara wa lójú. Irun ta ni o fẹ́ dì? Tèmi lo ń dì ṣáá títí iwájú orí mi fi fẹ́ pá. Mi ò bá ọ wí pé o lọ.

Lẹ́yìn tí o lọ, Bàbá Odùkọ̀yà, olórí ẹbí tó ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa, pè wá sí àgbàlá wọn. A rò pé wọ́n fẹ́ lé wa ni, nítorí a ti ń gbọ́ ọ pé ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́ ilé epo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni Bàbá bi wá: kí ni kálukú wa máa ń lọ wá ní ibòmíràn? Ẹnì kan ní ata lòun máa ń gbé lọ lọ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹnì kan ní ẹja. Ẹnì kan ní bàtà òun ti já, kò sí ẹni tó máa rán an. Èmi ní àbẹ́là, nígbà tí iná bá lọ. Bàbá ní kí a gbọ́ ohun tí a fi ẹnu ara wa sọ. Àwa tí a ń tajà níbí kì í ra nǹkan níbí, a wá ń bínú sí àlejò tí kò wá. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni méjì kò gbọdọ̀ ta ohun kan náà lórí òpópónà yìí, àti pé àwọn oníṣẹ́ tí a kò ní, ńṣe la máa lọ bẹ̀ wọ́n wá. Àwọn onípí-ó-ẹ́ẹ̀sì kùn títí, àmọ́ nígbà tó yá wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan, àwọn yòókù sì yan iṣẹ́ míì.

Ẹni tí a kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ni Àrínọlá alọta. Ṣé o rántí rẹ̀? Àwọn ará ilé Bàbá fúnra wọn ló lé e kúrò níjọ́sí pé ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn sùn lọ́sàn-án. Èmi ni mo tẹ̀ lé Bàbá lọ. Oyin, àgbàlagbà yẹn ṣí fìlà lórí níwájú obìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Ara mi bù máṣọ. Àrínọlá ń fọ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ìgbà tó yá ló ní òun máa wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ariwo, ata onítọ̀hún ló máa kẹ́yìn. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ata lè ṣe irú iṣẹ́ tí mo rí yìí. Ẹni tó bá gbé ata wá á ní láti dúró, bó bá sì ti dúró, ojú rẹ̀ kò ní dúró. Á wo aṣọ mi, á fọwọ́ kàn án, á ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún òun. Obìnrin kan gbé ata wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, àǹkárá ló gbé lọ sílé, ó gbàgbé ata. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀sún ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹja tútù wá láti Eleko lọ́sọ̀ọ̀sán. Ẹ̀gbẹ́ Àrínọlá la fi í sí, kí òórùn ẹja má bàa wọ aṣọ mi lára. Ẹni tó bá ra ẹja á rántí ata, ẹni tó bá wá lọ ata á fojú wá ẹja. Aránbàtà wà ní igun, a sì wá alábẹ́là àti onílọ́fíńdà sí ìparí òpópónà lọ́hùn-ún, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà nítòsí.

Síbẹ̀, bí ó bá di Sọ́ńdè, ibẹ̀ á dá wáí. Tẹ́lẹ̀, o mọ̀ pé iwájú wa ni àwọn aláṣọ funfun ń gbà lọ sí ìsìn. Wọ́n ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn, wọ́n ń yí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ìdọ̀tí, wọn kò ya ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun alábẹ́là wọ eegun. Ẹnì kan wá ní wòlíì wọn ló ríran pé ẹ̀mí burúkú wà lórí òpópónà wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wa ti gbà á gbọ́. Èmi Mùsùlùmí gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá ní kí n lọ bá Wòlíì Samson, kí n béèrè ìran tí wọ́n rí àti ohun tí a lè ṣe sí i. Mo gbé ọsàn dání lọ. Wòlíì jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, wọ́n wá ní kí n wo ẹsẹ̀ àwọn. Mo wò ó. Ẹsẹ̀ lásán ni.

“Ìyá Habeeb,” wọ́n ní, “a kò rí ìran kankan. Òkúta yín ni.”

Mo wá ilẹ̀ tí mo lè wọ̀, mi ò rí. O ò tíì mọ̀ pé lẹ́yìn tí o lọ, àwa fúnra wa la ra òkúta wẹ́wẹ́, èyí tó mú ṣáṣá yẹn, a dà á sí gbogbo ojú ọ̀nà nítorí ẹrẹ̀, kí òpópónà lè wu ẹni tó ń wa mọ́tò kọjá. A gbàgbé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun yẹn kì í wọ bàtà, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ajah. Àwa náà mọ̀ ọ́n, a sì da òkúta sí wọn lọ́nà, a tún wá ní ìran ni wọ́n rí. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Gbogbo wa la kó òkúta náà kúrò, títí kan Bàbá Habeeb tí kì í gbé ife tó fi mumi. A fi dí kòtò ẹ̀yìn, a da yanrìn sójú ọ̀nà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá wá ṣòfin pé kí kálukú máa gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀, kí ìṣó tàbí àfọ́kù ìgò má bàa gún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn á máa bọ́ bàtà yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé àwàdà ni. Bó bá ti di àárọ̀ Sátidé, àgbàlagbà yẹn á fẹsẹ̀ lásán rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin, bí ẹsẹ̀ wọn bá sì tẹ nǹkan níwájú ẹnì kan, wọ́n á dúró síbẹ̀ títí onítọ̀hún á fi mú ìgbálẹ̀ jáde.

Oyin, ó wù mí kí o rí Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo kọ́kọ́ rò pé kùrukùru ló ń bọ̀ láti orí ọ̀sà. Aṣọ funfun ni. Wọ́n kún ojú ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ìyá arúgbó, géńdé, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, gbogbo ẹsẹ̀ yẹn lórí yanrìn, o ò sì ní gbọ́ ìró kankan. Àrínọlá pa ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí ẹni tó ní kó pa á. Orí mi wú. Mo ti ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan, mi ò rí i kí òpópónà yẹn lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi, èmi tí o mọ̀ pé n kì í sunkún ọ̀fẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde ìsìn ni ariwo wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ra àbẹ́là, wọ́n ra ẹja, àwọn ìyá ń wá aṣọ funfun lọ́wọ́ mi fún ọmọ tí tàtijọ́ kò gbà mọ́. Títí di òní, bí mo bá rántí, ẹnu ń yà mí. Ibi tí a ti sọ pé ó kú, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń wá. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, wọ́n ń wo obìnrin onírun ṣùkú tí wọ́n yà sára pátákó rẹ, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni onídìrí máa dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ọmọbìnrin kan láti Addo, Fẹ́yìsayọ̀ lorúkọ rẹ̀, onídìrí ni, ó ti wá bá Bàbá pé òun fẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ. Èèyàn dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. O sì ti gbọ́ òfin: onídìrí kan ṣoṣo ni òpópónà máa ní. Bó bá wọlé, o ò lè padà síbẹ̀ mọ́. Nínú ìpàdé, ọ̀pọ̀ ló ní kí wọ́n fún un, pé ìwọ ti lọ, pé ilẹ̀kùn rẹ tó wà ní títì dà bí eyín tó ká lẹ́nu arẹwà. Mo bá wọn jà títí ohùn mi fi há. Bàbá ní àwọn á ronú sí i.

Láàárọ̀ àná, Bàbá ń fẹsẹ̀ lásán rìn bọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Fẹ́yìsayọ̀ náà wà níbẹ̀, ó wá wo ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Bàbá dé iwájú rẹ, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kò rí nǹkan kan.

“Ta ló ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù Oyinkọ́lá?”

Mo ní èmi ni. Wọ́n ní láti ìgbà wo? Mo ní láti ọjọ́ kejì tó ti lọ. Wọ́n ní kí ló dé? Mo ní bí mo bá ń gbá tèmi, ìgbálẹ̀ kì í mọ ibi tí tèmi parí sí.

Bàbá ní ibi tí wọ́n bá ṣì ń gbá kò tíì di ahoro. Wọ́n yíjú sí Fẹ́yìsayọ̀, wọ́n ní kó ní sùúrù títí ọdún á fi yí. Ọmọ náà gbà, ó tilẹ̀ ní bó bá jẹ́ òun ló lọ, òun kò mọ ẹni tí ì bá máa gbálẹ̀ de òun. Ó ṣe mí láàánú. Àmọ́ Bàbá ká èmi náà lọ́wọ́ kò: bí ọdún tuntun bá ti wọlé, n kò gbọdọ̀ gbá iwájú rẹ mọ́. Ẹni tó ni ín ni kó wá gbá a. Bó bá di Sátidé àkọ́kọ́ nínú ọdún, tí ẹsẹ̀ wọn bá tẹ ìdọ̀tí níbẹ̀, Fẹ́yìsayọ̀ ni wọ́n máa fún ní kọ́kọ́rọ́.

Bí orúnkún Màmá ló ń dá ọ dúró, mú wọn dání. Yàrá kan ṣófo nílé wa, àti pé Wòlíì Samson ní ojoojúmọ́ lòun á máa gbàdúrà fún orúnkún náà. Kí gbogbo ará ilé fún mi, kí o sì sọ fún Máyọ̀wá pé Habeeb ṣì ń tọ́jú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bọ̀sún ló máa fún awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní lẹ́tà yìí pẹ̀lú ẹja díẹ̀. Má jẹ ẹja náà tán kí o má fèsì.

Mo ti ra ìgbálẹ̀ tuntun kan. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mi ò tíì jẹ́ kó kan ilẹ̀. Tìrẹ ni.

                                        Èmi aládùúgbò rẹ tó ń fojú sọ́nà fún ọ,
                                        Rọ̀kíbátù, Ìyá Habeeb.