Ọkàn Àgbò Iléyá

Odòde, Ìdànrè,
Lẹ́yìn Iléyá.

Àdùnní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ìbejì wa. Ṣé ara gbogbo yín le ní Àkúrẹ́? Àlàáfíà ni àwa náà wà, àfi òjò tí kò jẹ́ ká rí aṣọ sá.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ lórí fóònù kì í ṣe àwàdà o. Dókítà ni mo fẹ́ dà. Èmi Hajarah, tíṣà Lítíréṣọ̀, tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ ń sá fún ìṣirò! Ní báyìí, tí mo bá ti kọ́ àwọn ọmọ SS2 mi tán, màá gbé àga lọ sẹ́yìn kíláàsì wọn, Ọ̀gbẹ́ni Jùwọ́n á wá kọ́ gbogbo wa ní kẹ́mísírì. Ojú tì mí, Àdùnní! Tófúnmi tí mo lé síta láàárọ̀ torí ariwo ló ń yọjú sí ìwé mi lọ́sàn-án: “Àǹtí, ẹ ò tíì báláǹsì ìkuéṣọ̀n yín.” Mo ti ń báláǹsì ẹ̀ báyìí o. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi pẹ̀lú wọn la jọ máa ṣe ìdánwò.

Bàbá mi nìkan ló kù tẹ́lẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. O mọ Alhaji Zakariyah: tí wọ́n bá ti ní rárá, ó parí. Mi ò sì fẹ́ tọ ọ̀nà tó jìn tó báyìí láìsí àdúrà wọn. Nígbà tí mo sọ fún wọn, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. “Ìwọ tó máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí tí mo bá ń pa àgbò? Ẹ̀jẹ̀ wo lo fẹ́ rí?” Ó dùn mí wọ egungun, torí òótọ́ ni.

Lọ́dún yìí, mo jáde. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ àgbò mú. Mi ò sì dijú. Nígbà tí wọ́n ń kun ẹran, mo ní kí bàbá fún mi ní ọkàn àgbò náà, mo sì là á sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fi yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ hàn wọ́n, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Mo ní, “Bàbá, ibí yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru yín máa ń dà láàmú, tí ẹ bá ti gbàgbé oògùn.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kàn án.

O rántí Màmá Olúwalóṣèyí, ará Aládùúrà tí ilé wọn kọjú sí tiwa? Ọdọọdún ni bàbá máa ń fúnra wọn gbé ẹran Iléyá lọ fún wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá gbé abọ́ ẹran lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì tẹ̀lé mi. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Màmá, ẹ gba ẹran yín. Dókítà wa ló gbé e wá.” Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Màmá bú sí àdúrà lé mi lórí, bàbá mi sì ń ṣe àmín kíkankíkan.

Ọ̀nà ṣì jìn, mo mọ̀. Àmọ́ bí mo jókòó, bí mo dìde, ọjọ́ ò ní yé gorí ọjọ́.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ìbejì. Ilé ìwòsàn ò ní mọ orúkọ yín. Tí ẹ bá máa rí dókítà, èmi lẹ ó máa rí, nídìí oúnjẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà kékeré,
Hajarah.

Àfikún: Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Lẹ́yìn tí mo fi ọkàn àgbò náà hàn wọ́n tán, ẹ̀yìn ilé ni mo sá lọ, mo bì títí. Ṣé o mọ ẹni tó bu omi wá bá mi? Bàbá mi. Wọ́n fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní, “Dókítà, pẹ̀lẹ́.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀.