Òfófó Tó Dákẹ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Máàṣì 1985

Òfófó tún ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ ètò náà, èmi náà ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó máa ń ka ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù kọ, kí ẹ̀rọ tó ṣe é rárá, á sì tú àṣìṣe inú rẹ̀ síta. Lónìí, ẹ̀sùn mọ́kànlélógójì ló kà sí Bímpé, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, lẹ́sẹ̀. Ọgbọ̀n nínú wọn, irọ́ gbuu. Mo jókòó ti Òfófó, mò ń tún un ṣe títí NEPA fi mú iná lọ. Iṣẹ́ yìí ti sú mi—tí mo bá dí ihò kan, òmíràn á ṣí.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì

Mo wọ gàù. Òfófó mú Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ, olórí ọ́fíìsì wa. Ètò tí wọ́n kọ láti fi yọ orúkọ àwọn tíṣà tí ìjọba fẹ́ dá dúró—Òfófó ní àpótí kan nínú rẹ̀, àyè tó ń gba nọ́ńbà tíṣà kọ̀ọ̀kan, kéré ju ohun tí wọ́n ń kó sí i lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sórí bébà. Gbogbo ọ́fíìsì ló rí i.

Ọ̀gá kò pariwo. Wọ́n kàn ní, bí mo ṣe kéré tó yìí, ṣé ẹ̀rọ ni mo wá rán kó máa bú àwọn? Mo kúnlẹ̀. Ẹ má bínú, sà. Bímpé bá mi bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo délé ní Ìjemọ̀, Màmá ní kò sí ọmọ tí òun tọ́ tó máa dójú ti àgbà lójú èrò.

Ọjọ́bọ̀, 7 Máàṣì

Mo fi ìlà kan kún Òfófó: tó bá ti rí orúkọ Ọ̀gá lórí ètò, kó fò ó. Nísàlẹ̀ bébà, ó ṣáà tẹ KÒ SÍ ÀṢÌṢE, bó ṣe máa ń ṣe tí kò bá rí nǹkan sọ. Mo buwọ́ lù ú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Bùsírátù, o gbọ́n."

Tí inú wọn bá rọ̀, màá yọ́ ọ̀rọ̀ àpótí yẹn sọ fún wọn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Máàṣì

Mi ò tíì sọ ọ́.

Jímọ̀, 15 Máàṣì

Ìwé ìdádúró ti lọ sí gbogbo ìlú. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Máàṣì

Tíṣà Láwàlì gba ìwé! Tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò l'Ódèdá, tó ra ìwé fún mi nígbà tí Bàbá kú. Wọ́n wá sílé wa, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró Màmá, wọ́n ń bi mí bóyá kọ̀ǹpútà máa ń ṣìṣe. Mo ní rárá o, sà. Wọ́n ní ó dáa náà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ àwọn ló wà níbẹ̀, àwọn gbà.

Háà, Bùsí!

Ọjọ́rú, 20 Máàṣì

Mo yọ ìlà náà kúrò nínú ẹ̀dà kan, mo tún ní kí Òfófó ka ètò Ọ̀gá. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo: àpótí gba fígọ̀ mẹ́ta péré, nọ́ńbà míì sì jẹ́ fígọ̀ mẹ́rin. Tíṣà tó ní nọ́ńbà 1214 ni ìjọba ní kó lọ. 1 tó wà níwájú já bọ́. 214 ni Tíṣà Láwàlì. Wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Irú wọn jẹ́ mẹ́tàdínlógún.

Lọ́la ni màá gbé e lọ bá Ọ̀gá.

Ọjọ́bọ̀, 21 Máàṣì

Lọ́la.

Jímọ̀, 22 Máàṣì

Ìnnà lílláhì. Tíṣà Láwàlì ṣubú sínú oko wọn láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru. A ti sin wọ́n kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó wọn dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́ pé mo wá.

Ọjọ́ Ajé, 25 Máàṣì

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ní kó ṣèwádìí ìdádúró àwọn tíṣà ń bọ̀ lọ́la. Mo gbé bébà tuntun fún Ọ̀gá, mo sì jẹ́wọ́ ìlà tí mo fi kún Òfófó. Wọ́n kà á. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n fa ti ọjọ́ keje yọ: KÒ SÍ ÀṢÌṢE, orúkọ mi nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ ìlà yẹn kúrò nínú Òfófó kí ìgbìmọ̀ tó dé, kí àwa méjèèjì lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe.

Mo jókòó níwájú ẹ̀rọ títí gbogbo èèyàn fi lọ sílé. Mi ò yọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Máàṣì

Ìgbìmọ̀ béèrè ẹni tó ní kí Òfófó fo ètò Ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀ lónìí. Mo ní èmi ni, mo sì sọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ìdádúró tèmi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Màmá ń sunkún ní yàrá. Lọ́la, màá lọ sí Ódèdá lọ sọ fún ìyàwó Tíṣà ìdí tí kò fi yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.