Mo Gé Ìyá Ìtàkùn Elégédé Bàbá

Níyìolúwa àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Kánádà. Ẹ̀yìn ṣì ń dun Màmá, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun.

Láti ìgbà tí apá ọ̀tún Bàbá ti rọ, èmi ni mò ń tọ́jú elégédé ńlá wọn ní Kwali níbí. Mò ń gé ẹ̀ka ìtàkùn, mo sì ń já àwọn èso kéékèèké dànù, kí ẹyọ kan ṣoṣo lè tóbi. Lánàá, mo ṣèèṣì gé ìyá ìtàkùn tó so mọ́. Mo bú sẹ́kún.

Bàbá ní, "Bámiṣayọ̀, kò burú. Ó ti rẹ̀ ọ́. Ní kí àbúrò rẹ wá."

Ó ti rẹ̀ mí lóòótọ́. Jọ̀wọ́, wá sílé. Kí Olúwa jẹ́ kí o bá wọn láyé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bámiṣayọ̀