Ọkọ̀ Tí Kò Tan Àtùpà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá, 1718

Ọ̀sán ni kùrukùru tó ká. Ọkọ̀ kan ti dúró lẹ́nu ibodè omi, níbi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ — ọkọ̀ Fenn. Abulẹ̀ pupa tó wà lára ìgbòkun rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni Fenn máa ń dé láìpariwo? Àwọn ajalèlókun rẹ̀ a máa yìnbọn kí wọ́n tó gúnlẹ̀, wọn a máa kọrin, wọn a máa pè mí kí n gbé ọtí ìrèké jáde. Lónìí, kẹ́kẹ́ pa. Àsíá nìkan ni wọ́n ta, èyí tí wọ́n fi ń pe ẹni tó máa fọ̀nà han ọkọ̀.

Àkàn, ọkọ mi, bá wọ ọkọ̀ kékeré wa, ó lọ. (Enoch ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àkàn, torí bó ṣe ń fẹ̀gbẹ́ rìn lórí iyanrìn.) Ní gbogbo etíkun yìí, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà omi bíi tirẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ sọ ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀, òun á dé kó tó jinná.

Ẹ̀wà ti jóná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Ọkọ̀ náà ti wọlé. Ó sọ ìdákọ̀ró sẹ́yìn òkìtì iyanrìn, níbi tí ẹni tó bá wà lójú òkun ò ti lè rí i. Àkàn ò dé. Mo lọ sétí omi, mo ń fi ìborùn funfun mi juwọ́ sí wọn. Ọkùnrin kan dúró létí ọkọ̀, ó kọjú sí mi gan-an. Kò juwọ́. Mo tún fi ìborùn juwọ́. Kò mira. Mo padà sílé, mo fún adìẹ lóúnjẹ, mo jáde — ó ṣì kọjú sí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ṣì dúró síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Keziah wá bá mi nírọ̀lẹ́. Àbúrò ìyá Àkàn ni, òun nìkan ni aládùúgbò mi látìgbà tí àwọn tó kù ti kó lọ sókè odò. A jọ dúró, à ń wo ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ ń ṣú. Wọn ò tan àtùpà kankan. Ṣùgbọ́n à ń gbọ́ òòlù. A gbọ́ ayùn. Ẹnì kan ń dá orin jẹ́jẹ́, àwọn yòókù ń gbè é.

Mo ní, ta ló ń fi ayùn rẹ́ pákó nínú òkùnkùn?

Keziah ní, "Òkú ni wọ́n. Òkú kì í ra epo àtùpà."

Mo bú u. Ó ní, "Bú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n kó o tilẹ̀kùn."

Mo tì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀. Àwọn tó ń wà á ń yí po bí adìẹ tó mutí. Wọ́n forí sọ ẹrẹ̀, wọ́n padà, wọ́n tún forí sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Fenn sọ̀ kalẹ̀ — Ẹnu-Oyin ni wọ́n ń pè é, ẹni tó lè fọ̀rọ̀ dídùn gba ẹyin lábẹ́ adìẹ. Ó rìn tààrà lọ bá òpó tí mo ń sá àwọ̀n sí. Ó ṣí fìlà. Ó tẹrí ba fún òpó.

"Ìyàwó Enoch, ẹ kú ilé o. Ẹ ò tiẹ̀ gbó rárá!"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Mo mí kanlẹ̀ — ó sì yíjú síbi tí èémí mi ti wá, díẹ̀díẹ̀, bí ajá tó gbóòórùn ẹran. Ìpin ojú ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀.

"Háà," ó ní, "ibẹ̀ lẹ wà." Ó rẹ́rìn-ín.

Ó rò ó fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n gba ọkọ̀ kan lójú òkun, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń nu ojú ṣáá. Wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n bọ́ aṣọ wọn, wọ́n wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ríran kẹ́yìn ló ta àsíá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tirẹ̀ náà ti lọ báyìí.

Mo ní, ọkọ mi ńkọ́?

"Enoch? Enoch ni ojú wa. Ẹni tó ṣẹ́ ku ojú kan fún kì í yá èèyàn."

Ó ní àwọn ń tún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣe. Tí omi bá ń fà ní Ọjọ́rú, àwọn á gbéra lọ sí erékùṣù kan tí oníṣègùn wà, Enoch á sì bá àwọn lọ. Mo ní ìgbà wo ló máa padà? Ó ní kí n jọ̀ọ́ fún àwọn lẹ́yin díẹ̀.

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin sílẹ̀ lórí iyanrìn. Mi ò jẹ́ kọ́wọ́ wa kanra.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Apẹja kan kọjá. Ó ní àwọn ọkọ̀ ogun gómìnà ti wà ní ibodè tó kàn, wọ́n ń wá Fenn. Keziah ní ká dáná kí wọ́n rí èéfín. Mo ní, ẹni tí wọ́n bá bá nídìí ìtọ́kọ̀ ńkọ́? Tí wọ́n bá fẹ́ yẹgi fún un, ta ló máa bi í bóyá tipátipá ni wọ́n fi mú un?

Keziah ò dáná náà mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé àkàrà àgbàdo, mo wa ọkọ̀ Keziah lọ bá wọn. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan pákó ọkọ̀ wọn, ariwo dá. Gbogbo orí yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàtà obìnrin ni," ẹnì kan wí.

Wọ́n ti na okùn káàkiri, ó ga dé àyà, láti òpó dé òpó, wọ́n ń fọwọ́ tọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò kọ lu ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan ń rán ìgbòkun, abẹ́rẹ́ ń wọlé ó ń jáde, ojú rẹ̀ kọ sókè ọ̀run. Mo rí ọkùnrin tó máa ń kọjú sí mi. Ìró ìgbì ló ń gbọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n lè mọ̀ bí ìdákọ̀ró bá yọ̀.

Àkàn wà nídìí ìtọ́kọ̀. Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín — sí èjìká mi.

Mo gbé àkàrà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí òòlù tún bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ lábẹ́ ariwo rẹ̀. "Má fọwọ́ kàn mí. Láti Ọjọ́bọ̀ ni. Wọn ò mọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀, ìwọ ni wọ́n máa mú."

Fenn pariwo láti iwájú: "Enoch! Báwo lójú ọ̀run ṣe rí?"

Mo yára gbóhùn sókè kí Àkàn lè gbọ́, mo ní, "Ẹ jẹ́ n tètè máa lọ o, ìkuukùu yẹn ń ṣú níwọ̀-oòrùn!"

"Ìkuukùu ń ṣú níwọ̀-oòrùn, ọ̀gá," ni Àkàn wí.

"Ojú ń bẹ o!" Gbogbo wọn ló gbè é. Inú wọn dùn bíi tọmọdé.

Òòlù ò dáwọ́ dúró. Lábẹ́ rẹ̀ la ti pète ohun tá a máa ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fi àjẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Keziah wò. Ó ń dún dáadáa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kùrukùru tún bolẹ̀ láàárọ̀. Mo ṣáájú wọn nínú ọkọ̀ Keziah, mo ń wà díẹ̀, mo ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ — kò — kò — Àkàn sì ń fi ìtọ́kọ̀ tẹ̀ lé ìró náà. Ọ̀nà omi yẹn há. Ìgbì ń fọ́ lọ́tùn-ún, ó ń fọ́ lósì. Bí mo bá yà díẹ̀ báyìí, orí iyanrìn ni gbogbo wọn máa parí sí. Kí n má purọ́, mo rò ó. Ṣùgbọ́n Àkàn ti sọ lọ́jọ́ Ajé: "Mi ò ní pa èèyàn sínú omi tí bàbá mi fi hàn mí. Jẹ́ ká mú wọn jáde ná."

Mo gbọ́ Fenn. "Kí ló ń dún yẹn, Enoch?"

"Pákó ọkọ̀ tó rì nígbà kan ni, ọ̀gá. Ìgbì ló ń gbá a."

"O rí i?"

"Mo rí i."

Nígbà tí omi di dúdú lábẹ́ mi, tí mo mọ̀ pé a ti bọ́ sí ibú, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ńlá náà kọjá lára mi. Wọ́n tò ti okùn wọn, ojú dídì, orí gbígbé sókè, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Mo lè na ọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbá àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Àkàn yọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Mo fà á wọlé. Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu, mi ò rántí àrùn kankan mọ́.

Fenn ké: "Enoch! Kí lo rí níwájú?"

Nínú ọkàn mi, mo ní ó parí. Wọ́n á mọ̀. Wọ́n á yìnbọn.

"Ojú omi mọ́ kedere, ọ̀gá!"

Láti ìdí ìtọ́kọ̀ ni. Ohùn ọkùnrin. Àkàn sì wà lọ́wọ́ mi, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ojú ń bẹ o!" ni wọ́n gbè é. Kùrukùru gbé wọn mì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fi omi iyọ̀ wẹ ojú rẹ̀. Mo sun aṣọ rẹ̀. Ojú tèmi ṣì dára. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi ara mi láti Ọjọ́rú: ta ló dáhùn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀gá ológun kan wá láti ọkọ̀ gómìnà, ọkùnrin tín-ínrín tó ń wúkọ́, àwọn ọmọ ogun tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Ó ní àwọn pàdé ọkọ̀ kan lókèèrè lánàá, gbogbo ìgbòkun rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́. Àwọn bi í pé ta ló ń darí rẹ̀. Ẹnì kan dáhùn láti ìdí ìtọ́kọ̀ pé òun Enoch Swayne ni. Kí àwọn tó gbé àgbá ìbọn síta, kùrukùru ti bò ó. "Nítorí náà, mo wá béèrè ibi tí Enoch Swayne ń gbé."

Àkàn dìde. Ó ń fọwọ́ tá ògiri. "Èmi ni."

Ọ̀gá ológun wo ojú rẹ̀. Ó fa idà yọ, ó na ṣóńṣó rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ojú ọkọ mi. Àkàn ò ṣẹ́jú.

Keziah ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹni báyìí ló ń tukọ̀? Bí ẹ bá tún sún mọ́ ọn, ẹ̀yin náà á máa fọwọ́ tá ògiri."

Ó yára sún sẹ́yìn, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. Wọ́n lọ.

Mo sin ọ̀gá ológun náà dé etí omi kó má baà tún yí padà. Ó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ kó tó dúró. Ó ní ohun kan ò kúrò lọ́kàn òun: ẹni tó dáhùn yẹn, tó ní Enoch Swayne ni òun, ń sunkún.

Nígbà tí mo wọlé, Àkàn bi mí bóyá ọkùnrin yẹn sọ bí ohùn náà ṣe rí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó sọ pé ó ń rẹ́rìn-ín.